Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀: kí ló wà níbẹ̀ fún ìdílé wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi àti ọkọ mi ń dáko ọkà, a sì ní ọmọ mẹ́rin. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wa ń dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n ní kí a wá bá àwọn ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí a má dábàá ẹ̀, pé òun wọ irú rẹ̀ rí, owó òun sì wọmi. Ọkọ mi náà ní irè oko wa kò tó nǹkan tí à ń gbé fún ẹgbẹ́. Ṣé èrè kan wà níbẹ̀ fún ìdílé bíi tiwa, àbí ẹnu lásán ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ná: kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ni mo kọ́kọ́ jẹ́, nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti wá yẹ ìwé owó wò níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó kú tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí owó oko rẹ̀ bá sì ti wọmi lẹ́ẹ̀kan, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó máa tètè wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bi mí kì í ṣe bóyá ẹgbẹ́ lè bàjẹ́. Ẹ bi mí pé, bí ó bá dára, kí ló ń ṣe fún ìdílé? Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ wọlé, n ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Àwọn tó ń polongo ẹgbẹ́ kì í pẹ́ pa òwe àgbájọ ọwọ́ kí wọ́n tó bọ́ sórí iye owó: ẹ ó ta ọjà yín ní iye tó dára, ẹ ó ra ajílẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ ni èmi máa ń kà. Bí mo bá dé ilé àgbẹ̀ kan, mo máa ń béèrè pé láti ọjọ́ tí ẹ ti kórè tán sí ọjọ́ tí ẹ ta àpò tó kẹ́yìn, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti béèrè, kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lọ. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé ọjà máa ń gbówó lórí tó bá yá. Wọ́n mọ̀. Owó ilé ìwé ló dé, gbèsè ajílẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn, kòkòrò ti ń yọjú nínú àpò, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ará àdúgbò ló tún ń tà lọ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé òjò kan náà ló rọ̀ fún wọn. Ọjà kún, owó já wálẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù kẹrin, ìkarùn-ún lẹ́yìn ìkórè, ìdílé kan náà á gbé apẹ̀rẹ̀ jáde lọ ra irú ọkà tí wọ́n tà, ní iye tó ń mú orí gbóná.

Ohun tí ẹgbẹ́ gidi ń fún ìdílé nìyẹn, màmá: ààyè láti dúró. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ó rí i pé ẹ̀ka rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù tí wọ́n ń kà fún yín.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹ gbé àpò mẹ́wàá wá sí ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yẹ gbígbẹ rẹ̀ wò, wọ́n já rìsíìtì fún yín. Lójú ẹsẹ̀, ẹgbẹ́ á san apá kan owó rẹ̀ ní iye tí ọjà ń lọ lọ́jọ́ náà, bóyá ìdá 50 tàbí 60 nínú 100. Ẹ fi ìyẹn san owó ilé ìwé, ọkà yín sì wà nílẹ̀. Nígbà tí ọjà bá gbéra, ẹgbẹ́ á tà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, wọ́n á yọ owó ìtọ́jú àti èlé díẹ̀, wọ́n á sì san ìyókù fún yín. Bí ẹgbẹ́ kò bá lówó lọ́wọ́, báńkì mìíràn máa ń gba rìsíìtì ilé ìkẹ́rùsí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Báńkì tí kì í wojú àgbẹ̀ alápò mẹ́wàá lè fetí sí ẹgbẹ́ tó ní àpò 2,000 nílẹ̀.

Mo mẹ́nu ba gbígbẹ, ẹ má sì fojú di í. Ọkà tí a fẹ́ kó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, omi inú rẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ó máa bu, ọkà tó bá sì bu lè ní májèlé tí sísè kì í pa. Ẹgbẹ́ tó rọ́wọ́ mú ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó. Àwọn tí kò ní in máa ń lo ìgò àti iyọ̀: ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ bu ọkà sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà náà ṣì ju ìdá 15 lọ. Ẹ dá a padà sóòrùn. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń sún mọ́ ọn, àmọ́ oòrùn ọjọ́ kan sí méjì sí i kì í pa ọkà lára. Ohun tí ẹ lè ṣe nílé lónìí nìyẹn, yálà ẹ wọ ẹgbẹ́ tàbí ẹ kò wọ̀ ọ́.

N kò sọ pé ọjà máa ń gbówó lórí lọ́dọọdún o. Ọdún mìíràn wà tí ọkà láti òkèèrè á wọlé, iye owó á jókòó sójú kan, ẹni tó dúró á sì fi owó ìtọ́jú ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó gbọ́n kì í fi gbogbo rẹ̀ dúró.

Ọdún tí mo di akọ̀wé la ra òṣùwọ̀n wa àkọ́kọ́. Obìnrin kan gbé àpò méje wá. Ẹni tó máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lóko ti fi ìwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó pè é ní kílò 350. Iye owó ni wọn kò fẹnu kò lé lórí tó fi kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. A gbé wọn lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́. Nígbà tí mo rò ó pọ̀, ó jẹ́ 392. Màmá náà kò yọ̀. Ó wo òṣùwọ̀n náà títí, ó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun gun orí rẹ̀, nítorí pé wọ́n wọn òun nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gùn ún. Ó jẹ́ 61. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ sínú káàdì mi. Ẹ máa kọ ọ́ lọ.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka iye ọdún tó ti ń ta ọkà fún ọkùnrin yẹn.

Kílò 42 nínú àpò méje: ó ku díẹ̀ kó pé odindi àpò kan tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í ṣe ohun tó wọ́n jù láyé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ra òṣùwọ̀n nítorí àpò méje? Bó bá tilẹ̀ rà á, ta ni yóò mú ẹni tó ń rajà gbà pé ti àgbẹ̀ ló tọ̀nà? Àfi kí òṣùwọ̀n náà jẹ́ ti àwọn ọgọ́rin ènìyàn tí òun náà fẹ́ kí wọ́n máa tajà fún òun.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ó ní irè oko yín kéré. Kíkéré yẹn gan-an ni ìdí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wà. Láti àwọn ọdún 1870 lọ, ọkà pọ́ọ́kú láti Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ya wọ Yúróòpù, ó sì ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ Denmark lọ́wọ́. Wọ́n yí sí ẹran ọ̀sìn àti bọ́tà. Ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí láti ya ọ̀rá kúrò lára wàrà ti jáde nígbà náà, àmọ́ ẹni tó ní màlúù mẹ́ta kò lè ronú àtirà á. Ní 1882, àwọn àgbẹ̀ Hjedding, ní ìwọ̀-oòrùn Jutland, dá ilé iṣẹ́ wàrà kan sílẹ̀ tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n jọ yáwó, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé wàrà yòówù tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí tí wọ́n lò nílé, ibẹ̀ ni yóò lọ. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, irú rẹ̀ ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wàrà onímàlúù méjì àti ti onímàlúù ọgọ́rùn-ún pàdé nínú ìkòkò kan náà. Bọ́tà tó jáde níbẹ̀ kò mọ ilé ẹni tó ti wá. Wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ padà sílé lọ di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Níbi ìpàdé, wọ́n ní orí èèyàn làwọn ń kà níbi ìbò, àwọn kì í ka orí màlúù.

Ẹ sọ èyí fún ọkọ yín, àmọ́ ẹ sọ ìdajì kejì rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Agolo wàrà kíkan kan ṣoṣo lè ba odindi ìkòkò jẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ń da ọjà pọ̀ tà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lè dá ọjà padà. Ẹni tó bá rọ òkúta sínú àpò, tàbí tó gbé ọkà tútù wá, ó yẹ kí wọ́n lè sọ fún un lójú pé kó gbé e lọ, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n alága. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè ṣe ìyẹn, orúkọ rẹ̀ lọ́jà kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ náà palẹ̀ díẹ̀. Àjẹṣẹ́kù: a jẹ, ó ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ẹgbẹ́, orí ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ló máa ń dá lé. Nílé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò, ẹni tó kó owó wá jù ló ń kó èrè jù. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ọjà tí oníkálukú gbé gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ tó la fi ń pín in. Ká ní ohun tó ṣẹ́ kù lọ́dún kan jẹ́ 1,000, tí ìpàdé sì fọwọ́ sí i pé kí 300 wọ àpò ìpamọ́. Ó ku 700. Bí ó bá jẹ́ àpò 350 ni gbogbo yín tà, 2 ló kan àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ gbé 10 wá, 20 ni tiyín. Ẹni tó gbé 40 wá gba 80. Alága tó ra ìpín jù, ìyẹn owó tí ọmọ ẹgbẹ́ fi dókòwò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí kò gbé àpò kankan wá, kò sí nǹkan kan fún un níbẹ̀, àyàfi èlé kékeré tí òfin ẹgbẹ́ bá fi sórí owó ìpín.

Ọ̀nà ìpínfúnni yìí kì í ṣe ti àná. Òṣìṣẹ́ 28 kan ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, ni ìtàn máa ń darúkọ. Ní oṣù December 1844 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là fún ara wọn. Wọn kì í ṣe àgbẹ̀ rárá, àmọ́ òfin wọn ló di tàgbẹ̀ kárí ayé: ẹni kan, ìbò kan; èrè sì ń lọ bí oníkálukú ṣe bá ẹgbẹ́ nájà tó. International Co-operative Alliance, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, tò wọ́n sí ìlànà méje ní 1995. Bí àwọn tó ń pè yín bá ní òfin lákọsílẹ̀, ẹ fi ìlànà méje wọ̀nyẹn dá a wò. Ẹ ó tètè rí ibi tó ti wọ́.

Owó yíyá ń kọ́? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dídúró ti le jù, torí pé bí ìdílé kò bá lówó lásìkò gbígbìn, olówó sọgúndogójì á ti ra ọkà náà kó tó hù. Friedrich Wilhelm Raiffeisen (1818 sí 1888), tó jẹ́ olórí ìlú kéékèèké ní agbègbè Westerwald ní Jámánì, rí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń yá owó màlúù lọ́wọ́ olówó èlé, tí èlé á máa gun èlé, títí màlúù á fi lọ, tí ilẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé e. Nígbà ìyàn 1846 sí 1847, àánú àwọn tó lówó ló gbára lé: wọ́n dáwó, wọ́n ṣe búrẹ́dì fún àwọn tébi ń pa. Ìgbà tó yá ló rí i pé àánú máa ń rẹ̀. Ní 1864, ní Heddesdorf, ó gbé ẹgbẹ́ kan kalẹ̀ níbi tí àwọn tó ń yáwó fúnra wọn ti jẹ́ onídùúró fún ara wọn. Ó fẹ́ kí agbègbè ẹgbẹ́ kéré, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ó sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àfi ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Báńkì ńlá kò mọ ẹni tó ń jí lọ sóko àti ẹni tó ń fi ẹnu dáko. Aládùúgbò mọ̀ ọ́n, kò sì ná an ní nǹkan kan láti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi lè yá yín lówó láìgba ìwé ilẹ̀. Ìdí náà nìyẹn tí n ó fi kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni ní iye tó ju ohun tí ẹ lè san láìta ilẹ̀ tàbí ẹran ọ̀sìn yín. Ojú á tì yín láti kọ̀. Ẹ kọ̀ ọ́.

Ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn kòkòrò kò nílò àlàyé gígùn: ẹni tó ra ọkọ̀ kan ń rà á dínwó ju ẹni tó ra àpò méjì lọ, ẹgbẹ́ tó bá sì ń rà á tààrà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é kì í tètè ko àpò tí wọ́n ti fi iyanrìn lú. Katakata náà bẹ́ẹ̀. Láti 1945 ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ti ń jọ ra ẹ̀rọ oko nínú ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní CUMA, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì tó nǹkan bí 10,000 lọ́hùn-ún. Níbikíbi tí mo ti rí ẹ̀rọ alájọni, ìjà kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ta ló máa kọ́kọ́ lò ó nígbà tí òjò bá ń ṣú bọ̀? Ẹ kọ ìtò náà sílẹ̀ kí òjò tó ṣú.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi, kì í ṣe ọkọ yín. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ ọ́ ní 2011 pé obìnrin tó nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ tí mo ti ṣí, ọkùnrin ló kún ún. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí obìnrin má wọlé. Ohun tí wọ́n kọ ni “olórí ìdílé” tàbí “ẹni tó ni ilẹ̀”, ó parí.

Mo lọ yẹ ìwé owó wò fún ẹgbẹ́ kan, opó kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbé ọkà wá fúnra rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú ìwé ìwọ̀n lójú ewé bí ojú ewé, mo fojú ara mi rí i. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí owó ìpín, ààyè tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ sí sì ṣófo. Àwọn ẹbí ọkọ ti wá béèrè owó náà. Kì í ṣe pé ọ̀dájú ni àwọn ìgbìmọ̀, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ san án fún ẹni tí kò yẹ. Oṣù mẹ́sàn-án ló gbà kí owó yẹn tó jáde. Ìgbà gbígbìn ti lọ nígbà náà, ilẹ̀ wọn sì ti kún fún koríko.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ forúkọ sílẹ̀, orúkọ méjì, ìwé méjì. Bí òfin wọn bá ní ẹnì kan nínú ilé kan, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sórí ìwé kan náà. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìkọ orúkọ àjogún. Ó sì yẹ kí ẹ lè fọwọ́ ara yín gba owó ọkà tí ẹ̀yin gbé wá. Bí èyí bá dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé, ó sàn kó dá a sílẹ̀ báyìí tí gbogbo yín wà láyé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi í bí tiwọn ṣe kú gan-an, torí pé ọ̀nà ikú ẹgbẹ́ kò pọ̀ tó bí a ṣe rò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹgbẹ́ tó ti òkè wá. Ẹnì kan gbọ́ pé owó ìjọba ń bọ̀, wọ́n sáré kó orúkọ jọ, owó dé, wọ́n pín in, ẹgbẹ́ tú ká. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí ìjọba fi ipá kó àgbẹ̀ sínú rẹ̀, bí ìjọba Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà náà) ti ṣe láti 1929, tí wọ́n gba ilẹ̀ àti ẹran lọ́wọ́ àwọn ìdílé. Iṣẹ́ tipátipá ni mo ń pe ìyẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́. Tanzania náà tú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá tí àgbẹ̀ ti fọwọ́ ara wọn kọ́ ká ní 1976, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún àjọ ìjọba. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n tún ń ṣòfin láti dá wọn padà.

Olè wà pẹ̀lú. Àmọ́ nínú ìwé owó tí mo ti yẹ̀ wò, ìwọ̀nba ni ẹni tó gbìmọ̀ láti jalè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba owó, òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó yá díẹ̀, ó rò pé òun á dá a padà. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí kò sẹ́ni tó máa ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pa ẹgbẹ́. Wọ́n gba ajílẹ̀ láwìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Nígbà ìkórè, ẹni tó ń rajà dé lóru, ó fi díẹ̀ lé iye tí ẹgbẹ́ ń san, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé tà á fún un. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Á fi díẹ̀ lé e lọ́dún yìí, á fi lé e lọ́dún tó ń bọ̀, ilé ìkẹ́rùsí á ṣófo, gbèsè ajílẹ̀ á gbé ẹgbẹ́ mì. Lọ́dún kẹta, iye tó bá wù ú ni yóò máa san. Ẹ fi ọgbọ́n bi ẹ̀gbọ́n bóyá òun náà tà lóru rí. Ẹ má bi í níwájú ọmọ o.

Ní Kaira, ní ìpínlẹ̀ Gujarat nílẹ̀ Íńdíà, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ra wàrà agbègbè náà, iye tí wọ́n ń san kò sì tẹ́ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ní 1946 wọ́n kọ̀ láti tà á fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lábẹ́ Tribhuvandas Patel, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wàrà tó ń kan lójú ẹni! Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Verghese Kurien, tó dé ìlú Anand ní 1949, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́, àwọn ló ń yan ìgbìmọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló sì ń ṣe iṣẹ́. Ibẹ̀ ni Amul, ẹgbẹ́ oníwàrà tó gbajúmọ̀ ní Íńdíà, ti jáde, tí àwọn tó ń gbé wàrà wá fún un lónìí ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ kò lè rọ òjò, kò sì lè sọ ilẹ̀ tó ti ṣá di ọlọ́ràá. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni ìṣòro yín, ẹ wá onímọ̀ ilẹ̀ lọ ní tiyín.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, n kò ní tíì san owó ìpín. Mo máa bẹ̀ wọ́n pé kí n wá jókòó nínú ìpàdé kan. Bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ní kí wọ́n fi ìwé owó hàn mí, kí wọ́n sọ ẹni mélòó ló ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báńkì. Bí ó bá dín ní méjì, mo ń lọ sílé. Mo máa wo ẹni tó bá dìde bi ìbéèrè nípa owó, bóyá wọ́n dá a lóhùn tàbí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọkàn mi bá balẹ̀, owó ìpín tó kéré jù ni mo máa san lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́ta ọkà mi ni mo máa gbé gba ọ̀dọ̀ wọn, mo máa ta ìyókù bí mo ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀, mo sì máa kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wọlé sínú ìwé kan náà, ojú ewé kan náà.

Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá yín lọ sí ìpàdé náà. Ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú, nítòsí akápò.